Ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń bi lọ́yà tó ń gbèjà ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn: ìdáhùn láti Àkúrẹ́

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́, òbí àti mọ̀lẹ́bí ẹni tí wọ́n mú ló máa ń gbé àwọn ìbéèrè yìí wá sí ọ́fíìsì wa. Mo kó wọn jọ kẹ́ni tó bá nílò wọn lè rí wọn kà.

Kí ni iṣẹ́ lọ́yà tó ń gbèjà ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn?

Ìjọba ló máa ń pe ẹjọ́ ọ̀daràn. Ọlọ́pàá, EFCC, NDLEA tàbí ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ á wà lápá kan, olùjẹ́jọ́ á dá nìkan dúró nínú àpótí lápá kejì. Lọ́yà rẹ̀ ló máa rí i pé ìjọba fi ẹ̀rí tó yè kooro gbe ohun tó sọ lẹ́sẹ̀, àti pé wọn ò rú òfin níbi tí wọ́n ti ń wá ẹ̀rí ọ̀hún.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 36, sọ pé aláìlẹ́bi ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí ilé ẹjọ́ á fi sọ pé ó jẹ̀bi. Kì í ṣe òun ló máa fi hàn pé òun ò ṣe é. Ìjọba ló máa fi hàn pé ó ṣe é, débi tí iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání ò ní kù lọ́kàn adájọ́. Gbogbo ìdáhùn tó kù, orí ọ̀rọ̀ yẹn ló dúró lé.

Ọdún mélòó ni mo máa lò kí n tó di lọ́yà?

Ọdún márùn-ún ní fásitì fún ẹni tó gba JAMB wọlé, mẹ́rin fún ẹni tó gba Direct Entry, bí ìyanṣẹ́lódì ò bá fà á gùn. Lẹ́yìn náà ni Nigerian Law School, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Bwari ní Àbújá, tó sì ní ẹ̀ka ní Èkó, Enugu, Kano, Yola, Yenagoa àti Port Harcourt. Ó tó nǹkan bí ọdún kan, títí kan àkókò tí wọ́n máa fi yín ránṣẹ́ sí kóòtù àti ọ́fíìsì lọ́yà. Ẹni tó bá yege, Body of Benchers, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà nínú iṣẹ́ òfin, á sọ ọ́ di lọ́yà, wọ́n á sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ. Ọdún kan ti NYSC tún wà.

Ẹni tó bá fẹ́ kàwé nítòsí ilé lè wo Fásitì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá-Àkókó. Fásitì yòówù kẹ́ ẹ yàn, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá Council of Legal Education, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ òfin, fọwọ́ sí ẹ̀ka òfin rẹ̀. Ẹni tó gboyè níbi tí wọn ò fọwọ́ sí, Law School ò ní gbà á, owó ilé ìwé ọdún márùn-ún ti wọ igbó nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ṣé obìnrin lè ṣe iṣẹ́ yìí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin àkọ́kọ́ tó di SAN, oyè tó ga jù fún lọ́yà, ni Olóyè Fọlákẹ́ Ṣólańkẹ́. 1981 ló gbà á.

Ibo ni èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀?

Lábẹ́ ọ̀gá, ní kóòtù májísíréètì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Àkúrẹ́ lè lọ jókòó ní kóòtù tó wà ní Òkè-Ẹ̀dá láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ìgbẹ́jọ́ kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ará ìlú. Ẹ máa rí ọkọ̀ tó ń kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n bọ̀ láti ọgbà ẹ̀wọ̀n Olókùtà, àwọn ìyá tó ń na ọrùn kí wọ́n lè rí ojú ọmọ wọn, àti lọ́yà kékeré tó di fáìlì mẹ́ta mọ́yà tó ń bẹ adájọ́ fún béèlì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró, bí wọ́n ṣe ń gé ọ̀rọ̀ kúrú, àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n dákẹ́.

Àwọn kan máa ń fi lọ́yà béèlì ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè wọ́n ní “charge and bail”. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó gba ọmọ ọlọ́mọ jáde látìmọ́lé kí ilẹ̀ tó ṣú ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Kí ọ̀dọ́ ṣáà má jókòó síbẹ̀ láìgòkè lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga, nítorí ibẹ̀ ni ẹjọ́ ìpànìyàn àti ìdigunjalè wà. Ẹjọ́ igbó mímu àti títà tí NDLEA ń gbé wá, tó pọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó nítorí àwọn igbó kìjikìji wa, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ló ń gbọ́ ọ, ó sì ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́.

Ṣé dandan ni kí n lọ sí Èkó tàbí Àbújá kí n tó lè gbajúmọ̀?

Kì í ṣe dandan. Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́, nítorí náà èèyàn lè gbé ẹjọ́ láti májísíréètì dé ibẹ̀ láìkúrò nílùú. Rótìmí Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀, ti di SAN, ó sì ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà láti 2008 sí 2010 kó tó di gómìnà.

Kí ni SAN, báwo ni wọ́n sì ṣe ń dé ibẹ̀?

Oyè tó ga jù fún lọ́yà tó ń lọ sí kóòtù ni. Àwọn méjì àkọ́kọ́, F.R.A. Williams àti Nabo Graham-Douglas, gbà á ní 1975. Ó kéré tán, lọ́yà gbọ́dọ̀ ti lo ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́, kó sì kó àwọn ẹjọ́ tó ti jà ní Ilé Ẹjọ́ Gíga, Kòtẹ́milọ́rùn àti Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ̀ wọ́n wò. Ẹni tó bá gbà á, gáùn sílíkì ni yóò máa wọ̀, ìjókòó iwájú ni yóò sì máa jókòó sí.

Oyè yìí wúlò, àmọ́ kì í ṣe òun ló ń jà fún olùjẹ́jọ́. Gàní Fawẹ̀hìnmi, ọmọ ìlú Oǹdó tí wọ́n bí ní 1938, ti gbèjà akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ àti oníròyìn, ó sì ti ṣẹ̀wọ̀n lọ́pọ̀ ìgbà nítorí ẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní SAN ní 2001. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ ti fún un ní oyè tiwọn ṣáájú, agbẹjọ́rò àgbà fún mẹ̀kúnnù. Ó kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án 2009, ṣùgbọ́n àkójọ ìdájọ́ tó dá sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ṣì ń ṣí lójoojúmọ́ bá a bá ń múra kóòtù.

Kí ló ń sọ lọ́yà ẹjọ́ ọ̀daràn di olókìkí?

Ará ìlú rò pé ẹnu dídùn ni. Fáìlì kíkà ni. Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀sùn ìpànìyàn. Nǹkan mẹ́ta ni ìjọba gbọ́dọ̀ fìdí ẹ̀ múlẹ̀: pé ẹnì kan kú, pé ohun tí olùjẹ́jọ́ ṣe ló pa á, àti pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é láti pa á tàbí láti ṣe é léṣe gidi. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ẹ̀sùn yẹn ti yẹ̀ nìyẹn. Lọ́yà á wá jókòó ti ìwé lóru: ọjọ́ wo ni ọlọ́pàá kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ tésàn? Ta ló fi òkú han dókítà? Ṣé ọgbẹ́ tí dókítà kọ bá ohun ìjà tí wọ́n gbé wá sí kóòtù mu?

Ẹlẹ́rìí tó ní òun rí olùjẹ́jọ́ náà ńkọ́? Aago mélòó ni? Ṣé iná wà? Báwo lẹ ṣe jìnnà síra? Ṣé ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀? Bẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n, kí ló dé tẹ́ ò dárúkọ ẹ̀ fún ọlọ́pàá lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Lọ́yà tó mọṣẹ́ kì í pariwo mọ́ ẹlẹ́rìí. Á rọra bi í, á sì jókòó nígbà tí ìdáhùn tó ń wá bá ti jáde. Ìbéèrè kan tó lé lórí ìyẹn ti ba ẹjọ́ jẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ṣé owó wà níbẹ̀?

Ó wà fún ìwọ̀nba, lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Owó oṣù lọ́yà tuntun nígboro Àkúrẹ́ kéré gan-an, mi ò ní tan ọmọ ẹnikẹ́ni jẹ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó nílò wa jù ni kò lówó.

Òfin iṣẹ́ wa kò gba “bẹ́ ẹ bá gbà mí sílẹ̀ ni n ó san” nínú ẹjọ́ ọ̀daràn. Lọ́yà tó bá bá yín ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ti rú òfin, ẹni tó bá sì fi dá yín lójú pé òun mọ adájọ́, ẹ sá fún un. Ẹni tí kò lágbára owó lè lọ sí Legal Aid Council, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ láti 1976. Wọ́n ń gba ẹjọ́ ọ̀daràn fún ẹni tó kúnjú òṣùwọ̀n wọn.

Wọ́n mú àbúrò mi. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ wádìí tésàn tó wà, orúkọ IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà, àti ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án. Ẹ pe lọ́yà. Ẹ sọ fún àbúrò yín pé kó pọ́n ọlọ́pàá lé, kó sọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀, kó sì sọ pé òun fẹ́ rí lọ́yà kóun tó kọ ohunkóhun. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ nìyẹn lábẹ́ abala 35 ìwé òfin. Bákan náà, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sùn náà fún un ní èdè tó gbọ́.

Bí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà, wákàtí 24 ni òfin fún ọlọ́pàá láti gbé e lọ. Bí ó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ méjì, tàbí iye àkókò tí kóòtù bá kà sí èyí tó bójú mu. Ẹ̀sùn tó lè yọrí sí ikú ni gbèdéke yìí kò dè.

Wọn ò rí ẹ̀gbọ́n mi mú, wọ́n wá mú ìyá wa. Ṣé ó bófin mu?

Kò bófin mu rárá. Òfin ètò ìdájọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ti 2015, sọ ọ́ gbangba ní abala 7 pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíì. Ìpínlẹ̀ Oǹdó náà ní òfin ètò ìdájọ́ ọ̀daràn tirẹ̀. Gbèsè àti àdéhùn òwò tó bàjẹ́ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń torí ẹ̀ ti èèyàn mọ́lé.

Ṣé ọ̀fẹ́ ni béèlì lóòótọ́?

Ní tésàn, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí òfin ń béèrè ni onídùúró, ẹni tó máa fọwọ́ sí i pé bí wọ́n bá pè é, á wá. Obìnrin lè ṣe onídùúró. Abala 167 nínú òfin 2015 sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́ torí pé ó jẹ́ obìnrin, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń lé àwọn ìyá padà nílé láti lọ wá ọkùnrin wá. Ẹ má gbà.

Ti ìpànìyàn yàtọ̀. Májísíréètì kò lágbára láti gbọ́ ọ. Yóò ní kí wọ́n fi afurasí pa mọ́ sí Olókùtà, kí wọ́n fi fáìlì ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgbà tó ń rí sí ìpẹ̀jọ́ nílé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ fún ìmọ̀ràn. Ilé Ẹjọ́ Gíga nìkan ló lè gbà á ní béèlì, ìdí pàtàkì bí àìsàn líle tàbí ìdádúró tó kọjá àlà ló sì sábà máa ń jẹ́ kí wọ́n gbà.

Ṣé kí n sọ òótọ́ fún lọ́yà mi?

Ẹ sọ ọ́ tán pátá. Òfin ẹ̀rí ti 2011 ò jẹ́ kí lọ́yà sọ ohun tí oníbàárà bá a sọ lórí iṣẹ́ síta, àfi bí oníbàárà bá yọ̀ǹda. Bí ẹ bá wá bá a pé kó ràn yín lọ́wọ́ láti dá ọ̀ràn tuntun, òfin ò bo ìyẹn mọ́lẹ̀ o.

Ohun tó ń ba ẹjọ́ jẹ́ jù ni ohun tí lọ́yà kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ẹlẹ́rìí ìjọba nínú kóòtù.

Bí oníbàárà bá jẹ́wọ́ fún yín pé òun ló ṣe é ńkọ́?

Mo ṣì lè gbèjà rẹ̀, àmọ́ ọ̀nà mi ti dín kù. Mi ò lè pe ẹlẹ́rìí tí mo mọ̀ pé irọ́ ló fẹ́ pa, mi ò sì lè sọ fún adájọ́ pé ẹlòmíì ló ṣe é. Mo lè bi ìjọba pé kí wọ́n fi ẹ̀rí wọn hàn. Mo lè wò ó bóyá ẹ̀sùn tí wọ́n kọ bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu, nítorí ẹni tó pa èèyàn níbi tó ti ń gbèjà ara rẹ̀, tàbí tí wọ́n mú inú bí kọjá àlà, kò rí bákan náà pẹ̀lú ẹni tó lọ ba dè é. Mo tún lè bá olùpẹ̀jọ́ jókòó lórí kó gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn tó kéré sí i, òfin sì fàyè gba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.

Ó ti fọwọ́ sí sítétímẹ́ǹtì pé òun ló ṣe é. Ṣé ọ̀rọ̀ ti bù ṣe?

Kò tíì bù ṣe. Bí ó bá ní ìyà ni wọ́n fi jẹ òun tàbí pé wọ́n dẹ́rù ba òun, adájọ́ á dá ìgbẹ́jọ́ dúró, á sì gbọ́ ẹjọ́ kékeré nínú ẹjọ́ ńlá láti mọ̀ bóyá tinútinú ló fi kọ ọ́. Ìjọba ló máa fi hàn pé tinútinú ni. Òfin 2015 sọ̀rọ̀ nípa gbígba ìjẹ́wọ́ sílẹ̀ lórí fídíò, àti wíwà lọ́yà tàbí ẹni tí afurasí bá yàn níbẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ èdè ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Apẹja láti etí òkun Ìlàjẹ tí kò ka ìwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ wo sítétímẹ́ǹtì rẹ̀: gẹ̀ẹ́sì tó já geere, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti ọlọ́pàá láti òkè délẹ̀. Ta ló sọ ọ́ di gẹ̀ẹ́sì? Ní èdè wo ló fi sọ ọ́? Níbo ni èyí tí wọ́n fi èdè rẹ̀ kọ wà? Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti sọ ọ́ pé bí wọ́n bá gba ògbufọ̀ kọ sítétímẹ́ǹtì, ògbufọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ wá jẹ́rìí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ ni. Ọ̀pọ̀ lọ́yà ló máa ń fojú fo èyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fò ó.

Àwòrán ọmọ wa ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ọ̀daràn ni. Ṣé kí lọ́yà bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀?

Ó lè sọ pé oníbàárà òun kò gbà pé òun jẹ̀bi. Kó má ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ fún oníròyìn lónìí, olùpẹ̀jọ́ á ti gbọ́ kó tó di ọ̀la, á sì tún ẹlẹ́rìí rẹ̀ ṣe. Àárín mọ̀lẹ́bí náà, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa bá ará ìlú jà lórí Facebook.

Báwo lẹ ṣe ń gbèjà apànìyàn, tẹ́ ẹ sì ń sùn lóru?

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù nìyí, mi ò sì bínú sí ẹni tó ń béèrè. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2022, wọ́n pa àwọn olùjọsìn nínú ìjọ Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀. Kò sí ọmọ ìpínlẹ̀ yìí tí inú rẹ̀ kò gbọgbẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé àwọn afurasí lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá ní 2025, ohun tí èèyàn púpọ̀ ń sọ ni pé kí lọ́yà kankan má dúró tì wọ́n.

Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí lọ́yà, báwo la ṣe máa mọ̀ pé àwọn tó wà nínú àpótí ni wọ́n ṣe é lóòótọ́? Bí wọ́n bá ti ẹni ẹlẹ́ni mọ́lé, ẹni tó pa wọ́n ṣì ń rìn kiri láàárín wa. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni, àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ìdájọ́ tó bá gba ọwọ́ lọ́yà tó mọṣẹ́ kọjá, tó sì dúró, ni mọ̀lẹ́bí àwọn tó kú lè gbára lé.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo máa ń sùn. Oru tí mi kì í lè sùn ni oru tí mo bá ń rò pé ẹni tó wà ní Olókùtà kò ṣe é, tí mi ò sì tíì rí ọ̀nà láti fi í hàn.

Ṣé ewu wà níbẹ̀?

Ó wà. Mọ̀lẹ́bí ẹni tó kú lè máa wo lọ́yà bí ọ̀tá, mọ̀lẹ́bí olùjẹ́jọ́ náà lè yíjú padà bí ìdájọ́ ò bá dára. Ẹ má gba àwọn oníbàárà ẹ̀sùn ẹgbẹ́ òkùnkùn lálejò nílé. Ọ́fíìsì ni kẹ́ ẹ ti rí wọn.

Ṣé lọ́yà lè fi ẹjọ́ sílẹ̀ láàárín?

Bí ìdí gidi bá wà, tó sì fún oníbàárà àti kóòtù ní àkókò tó tó, ó lè ṣe é. Ìbẹ̀rù ohun tí aráyé máa sọ kì í ṣe ìdí gidi.

Ìgbà kan wà tí fífi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀ di ẹ̀rí. Ní 1995, Gàní Fawẹ̀hìnmi ló ṣáájú àwọn lọ́yà tó ń gbèjà Ken Saro-Wiwa, òǹkọ̀wé tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ará Ogoni, níwájú ìgbìmọ̀ pàtàkì tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀, Fẹ́mi Fálànà sì wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n rí i pé wọn ò ní rí ìgbẹ́jọ́ òdodo níbẹ̀, wọ́n jáde. Wọ́n so Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn kọ́ ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún náà. Títí dòní, àwọn lọ́yà ṣì ń jiyàn lórí bóyá kí wọ́n dúró títí dé òpin ni ì bá dára jù. Lójú tèmi, wọ́n ṣe ohun tó tọ́, nítorí dídúró wọn ì bá bu iyì fún ohun tí kò níyì.

Wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ó ti parí?

Kò tíì parí. Ní oṣù Kìíní 2012, Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Èkó dá ẹjọ́ ikú fún Hamza al-Mustapha, olórí ẹ̀ṣọ́ Abacha, lórí ikú Kúdírátù Abíọ́lá, ìyàwó M.K.O. Abíọ́lá, ẹni tí wọ́n pa ní 1996. Ní oṣù Keje 2013, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn yẹ ẹ̀rí kan náà wò, wọ́n ní kò tó, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti wà látìmọ́lé nígbà náà.

Ọjọ́ 90 ni òfin fún ẹni tí Ilé Ẹjọ́ Gíga dá lẹ́bi láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ẹ má jẹ́ kí ó rékọjá torí pé ẹ̀ ń sunkún tàbí pé ẹ̀ ń kó owó jọ. Ìwé ìpẹ̀jọ́ kòtẹ́milọ́rùn kò gba ju ojú ewé mélòó kan lọ, wọ́n sì lè kọ ọ́ láti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì rẹ́jísítírà lọ́sẹ̀ tí wọ́n dájọ́ gan-an, kẹ́ ẹ béèrè fún ẹ̀dà ìdájọ́ àti àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí wọ́n sọ nínú kóòtù, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì fún owó tẹ́ ẹ bá san.